Ẹni Tó Wé Fíìmù

Bàbá mi, oníkámẹ́rà mi,

Inú mọ́tò ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, láàárọ̀ Sátidé, níwájú ibi tí Simi, ọmọ mi, ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ ò dé Grayson tí à ń gbé rí, lẹ́bàá Atlanta. Ilé tuntun-tuntun ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn jọra, débi pé lóṣù àkọ́kọ́ tí a kó débẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ya wọ ọgbà ilé ẹlòmíràn. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé láti ibi ìsìnkú yín ni mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á ya. Lónìí mi ò ní fà á ya, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín, bí ẹ ò tiẹ̀ ní dáhùn.

Kámẹ́rà yín wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò. Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe: ọ́fíìsì ẹrù ọkọ̀ òfuurufú ní College Park ni mo wà, mo mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń fi ojú fíìmù rí. Ní pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó, mo gbá a mọ́ àyà, mo kúnlẹ̀ fún ọmọge tó wà nídìí ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Mo ní kó dákun, kó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo téèpù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn kámẹ́rà, ó ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ sókè: Fíìmù wà nínú. Má ṣí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo sọ fún un. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e padà fún mi.

Àwọn ẹgbẹ́ mi, ìtàn ìjàpá ni wọ́n fi ń sùn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Èmi, ìtàn àwọn tó ṣe kámẹ́rà yín ni. Mo ṣì lè sọ ọ́ láì ṣi ọ̀rọ̀ kan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mélòó kan wà nílẹ̀ Faransé, wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ńlá kan ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní kámẹ́rà wúwo jù, pé ìyà ń jẹ ẹni tó ń gbé e. Àwọn ọ̀gá ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ni wọ́n bá kúrò níbẹ̀. Wọ́n lọ sí ìlú kan lẹ́sẹ̀ àwọn òkè tí yìnyín bò lórí, wọ́n gba ilé kékeré kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kámẹ́rà tí yóò jókòó sí èjìká ènìyàn wẹ́rẹ́. Ibi tí ẹ fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni pé tí wọ́n bá ti ṣe ọ̀kan tán, wọ́n á gbé e fún àwọn ayàwòrán kí wọ́n lọ lò ó, kí wọ́n sì padà wá fi ibi tó ti ro wọ́n hàn. Tí ẹnì kan bá ní ó ń ha òun létí, wọ́n á gé e kù. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ máa ń gbá èjìká yín pẹ́pẹ́, ẹ á ní, "Wọ́n bi èjìká léèrè kí wọ́n tó ṣe é." Wọ́n ṣe ńlá, wọ́n ṣe èyí tó kéré sí i, títí wọ́n fi ṣe èyí tó kéré jù lọ, irú tiyín yìí, tí kò tóbi ju búrẹ́dì ńlá kan lọ. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, débi pé ẹ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn kí ọmọ náà má jí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí èmi ni ọmọ tí ẹ fi dán an wò.

Àwọn òyìnbó tó wá ya àwòrán àwọn àgbẹ̀ kòkó lápá Ifẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún yín nígbà tí wọ́n ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Màámi ti lo ọdún kan lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ gbé e wọlé tòun ti àpótí rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ, sí àyè tí Màámi máa ń jókòó sí, àwa méjèèjì sì jókòó, a ń wò ó títí ẹ̀bà fi tutù. Mi ò rí i kí inú yín dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kú. Èmi náà fẹ́ràn kámẹ́rà náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó mú yín rẹ́rìn-ín.

Ìyọnu kan ṣoṣo ló ní. Fíìmù ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ló ń gba àwòrán. Fíìmù tí gbogbo ayé ń lò, ojú rẹ̀ máa ń wà nínú tí wọ́n bá wé e. Ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà yín lè kéré tó bó ṣe kéré yẹn, àwọn tó ṣe é ní kí ojú fíìmù tirẹ̀ wà níta, wọ́n sì ṣe kẹ̀kẹ́ pínńkín kan tí wọ́n ń wé e sí. Nígbà tí páálí fíìmù táwọn òyìnbó fi sílẹ̀ tán, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Ẹ wá ń ra fíìmù lásán, ẹ ń tún un wé fúnra yín kí ojú rẹ̀ lè bọ́ síta. Inú òkùnkùn biribiri la gbọ́dọ̀ ti ṣe é, nítorí pé tí ìmọ́lẹ̀ bá fi lè kan fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Inú wọ́dúróòbù Màámi la ti ń ṣe é. Ẹ ó kó aṣọ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ó máa bi yín bí ẹ ṣe kó o. A ó wọlé, a ó jókòó sórí àpótí méjì, ẹ ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ìsàlẹ̀ ìlẹ̀kùn. Ẹ ó máa súfèé orin ìsìn kí ẹ̀rù má bàa bà mí. Òórùn kàm̀fọ̀ ló máa ń kún ibẹ̀, pẹ̀lú òórùn páúdà rẹ̀ tí kò tíì lọ tán. Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ mi pé ètè la fi ń wo fíìmù nínú òkùnkùn. N óò fi ahọ́n ra ètè mi, ẹ ó fi ìdí fíìmù kàn án. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yọ̀, kì í lẹ̀. Ojú rẹ̀ máa ń lẹ̀ díẹ̀, bíi sítáǹbù tí ènìyàn ti lá. Tó bá ti lẹ̀, n óò ní, "Ó lẹ̀, Bàbá." Ohun tí ẹ ń dúró dè nìyẹn. Kí n tó sọ ọ́, ẹ kì í yí kẹ̀kẹ́ yẹn rárá.

Mo mọ̀ pé ẹ ní ètè tiyín. Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí ẹ kì í lò ó, ẹ ní tíì gbígbóná ti ba tiyín jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ fẹ́ kí n wà níbẹ̀ ni.

Ṣé ẹ rántí pátákó dúdú kékeré yẹn? Kí ẹ tó ya ohunkóhun sórí fíìmù tuntun, pátákó yẹn lẹ máa kọ́kọ́ yà, fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀kì lẹ fi ń kọ ọ́: nọ́ńbà rọ́ọ̀lù, ọjọ́, ibi, àti ẹni tó wé e. Ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba tí ẹ ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ ti kọ́ ọ, kó lè jẹ́ pé tí fíìmù bá bàjẹ́, wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Níwájú "Ẹni tó wé e," ẹ ò kọ orúkọ yín rí. Ọmọ mi lẹ máa ń kọ. Pásítọ̀ kan tí ẹ bá ya àwòrán ìsìn rẹ̀ bi yín pé òyìnbó wo ló ń jẹ́ Omomi, kí òun lè kí i. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Mo takò yín lórí rẹ̀, mo ní ẹ̀yin lẹ wé e, pé ètè nìkan lèmi fi kàn án. Ẹ wò mí, ẹ ní, "Ẹni tó mọ ojú rẹ̀ ló wé e."

Nígbà tí bẹ́líìtì kékeré kan já nínú rẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é. Gbogbo àdúgbò ló sọ pé wọn ò ní dá yín lóhùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, páálí kékeré dé. Bẹ́líìtì méjì ló wà nínú rẹ̀, àti ìwé tí ẹnì kan fi ọwọ́ ya bí ẹ ó ṣe fi í sí, pẹ̀lú ìkíni ní ìsàlẹ̀. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ inú ìlẹ̀kùn wọ́dúróòbù. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń pè wọ́n ní àwọn ará wa.

Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ṣe lórí fóònù fi ń dùn mí. Mo ti dé Atlanta nígbà náà, mo ti parí ẹ̀kọ́, mo ti ń ṣiṣẹ́. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni, mò ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, mò ń wo fóònù, mo wá rí i pé ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà yín ti kógbá wọlé. Mo pè yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún yín pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Lẹ́yìn náà lẹ bi mí pé, "Gbogbo wọn?" bí ẹni pé ọkọ̀ ló já sí odò. Mo bú sẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ilé iṣẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ ní kí n máa jẹ oúnjẹ mi. Aunty Bọ́lá, àbúrò yín, ló wá sọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tún kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́yìn ìgbà yẹn, pé méjèèjì ló padà wá, pé ẹ tọ́jú wọn sínú Bíbélì. Kí lẹ kọ sí wọn, nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́? Mi ò tíì lè ṣí wọn. Ẹ wò mí bí mo ṣe jókòó sínú mọ́tò, tí èmi náà ń kọ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ wàyí. Kérésì tí mo wá kẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésì ni, ní ọjọ́rọ̀, nígbà tí oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé pálọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, mò ń bá àwọn ará ọ́fíìsì ṣèpàdé. Ẹrù òdòdó kan ló há sí ibì kan tó ń rà, gbogbo ènìyàn sì ń ti ẹ̀bi sọ́rùn ara wọn. Ẹ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agolo fíìmù lọ́wọ́. Ẹ ti kó aṣọ Màámi sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí àpótí méjì nínú wọ́dúróòbù láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ ní, "Wá bá mi fi ètè kàn án." Ọwọ́ ni mo nà sí yín, báyìí, àtẹ́lẹwọ́ síta, bí ọlọ́pàá ṣe ń dá mọ́tò dúró. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ lọ.

Ìpàdé yẹn pẹ́. Nígbà tó parí, ọ̀rẹ́ mi kan pè, mo jáde lọ kí i. Nígbà tí mo dé, ẹ ti kó aṣọ padà, síńgílẹ́ẹ̀tì yín tutù fún òógùn. Mo bi yín bóyá ẹ ti wé e, ẹ ní ẹ ti wé e. Mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ẹ̀yin náà ò nílò mi mọ́ nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Apá kan ẹnu yín ló rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo rí i. Mo rí i kedere, mo sì rò pé ogbó ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Aunty Bọ́lá tó pè mí wọ yàrá, tó jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní rọpárọsẹ̀ fọwọ́ kàn yín nígbà òjò ọdún yẹn, pé kò le, pé ẹ ń rìn, ẹ ń sọ̀rọ̀, àfi apá ọ̀tún ẹnu yín tí kò mọ ohun tó tutù yàtọ̀ sí ohun tó gbóná. Ó ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan lẹ fi tíì bó ètè yín láì mọ̀. Ó ní ẹ mú òun búra pé òun ò ní sọ fún mi, nítorí pé n óò wọ ọkọ̀ òfuurufú wá, iṣẹ́ mi á sì bàjẹ́. Òun náà ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò sunkún. Òun ò mọ ohun tó ń sọ. Òun rò pé ọ̀rọ̀ àìsàn la ń sọ. Èmi ń rí yín lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ò nílò ètè mi, mo sì ń fún yín. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ wá nílò rẹ̀ lóòótọ́, mo na àtẹ́lẹwọ́ sí yín.

Kámẹ́rà yẹn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi fún oṣù márùn-ún kí n tó rí ẹni tó lè ṣí i. Bàbá kan ni, ó ń gbé ní Hampton, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje. Eré ìje yẹn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yà sórí fíìmù. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń tún kámẹ́rà ṣe nínú gáréèjì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ, àwọn kan ń dán mọ́tò wò ní pápá, ariwo wọn ń mú kí ìkòkò ìṣó mì lórí pẹpẹ. Mo gbé kámẹ́rà yín kalẹ̀. Ó wò ó, ó bọ́ fìlà. Ó ṣí aṣọ ìnura kan lórí pẹpẹ: irú rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀.

Òun ló sọ ìparí ìtàn tí ẹ ò sọ fún mi tán. Ó ní nígbà tí ayé pa fíìmù tì, àwọn ará wa yẹn ò fẹ́ kí ayé fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní sínú kámẹ́rà tuntun kan tí kò lo fíìmù mọ́. Wọ́n ṣe é, wọ́n tú u, wọ́n tún un ṣe, nítorí pé kò tíì dára tó lójú wọn. Ó rẹ àwọn tó ń dúró dè é, wọ́n lọ ra ti ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn ló ra orúkọ wọn nígbẹ̀yìn. Ó ní wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn ò sì gọ̀, pé ohun tó dára gan-an ni wọ́n ń wá tí àkókò fi kọjá lọ lára wọn. Ó sọ̀rọ̀ wọn bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni ń ròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin àti òun ì bá ti jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lẹ́yìn náà ló gbé kámẹ́rà wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi jáde. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo fọwọ́ kan ètè tèmi. Ó wá bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló wé fíìmù yìí. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní ẹ̀yìn ló wà níta, pé láti òpin dé òpin, ẹ̀yìn fíìmù ni ẹ kọ sí lẹ́ǹsì, ojú rẹ̀ sì wo ògiri. Ó ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Orí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, ibẹ̀ ni mo ti sunkún tí mi ò sun níbi ìsìnkú yín. Ó lọ bu omi wá fún mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n má sọ ìrètí nù, pé fíìmù dúdú àti funfun ni, ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé díẹ̀. Àmọ́ ó ní yóò ṣókùnkùn, gbogbo rẹ̀ á sì wà ní ìdàkejì, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fọ̀ ọ́, kó má tún ohunkóhun ṣe sí i, kó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ bó bá ṣe jáde.

Sọ́ńdè tó kọjá ló dé sórí kọ̀ǹpútà mi. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò tíì bọ́ gèlè. Èmi àti Simi la jọ wò ó, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣókùnkùn lóòótọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ìta láti inú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ohun àkọ́kọ́ kàn jẹ́ nǹkan dúdú kan pẹ̀lú ìlà funfun-funfun lára, mi ò rí ohun tó jẹ́, ó sì kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojúde wa yọ. Igi ìbẹ́pẹ. Mọ́tò Aunty Bọ́lá pẹ̀lú bọ́ọ̀tù rẹ̀ ní ṣíṣí. Èmi, tí mò ń ti àpótí sínú rẹ̀, tí mò ń wo aago. Mo rántí àárọ̀ yẹn. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ìta pẹ̀lú kámẹ́rà lójú, mo rò pé ẹ kàn gbé e dání ni. Nínú àwòrán náà, mo gbójú sókè, mo rí yín, mo sì na ọwọ́ síta, àtẹ́lẹwọ́ kan náà, pé kí ẹ dá a dúró, ọkọ̀ òfuurufú ò ní dúró dè mí.

Simi ní, "Mummy, that's you. Kí ló dé tí ẹ ń bínú?"

Mo ní kó máa wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí èmi mọ́. Àga yín nìkan ni, ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, lófìfo. Ẹ wá rìn wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán yín, tí ẹ máa ń ní oníṣẹ́ ò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹ tún fìlà yín ṣe. Ẹ wo kámẹ́rà yẹn tí kì í gba ohùn. Ọjọ́ wo nìyẹn? Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́? Ta ni ẹ ń wò? Ẹ gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu yín gbéra, èkejì dúró síbi tó wà. Ẹ fi ọwọ́ bò ó. Fíìmù tán síbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ yín lẹ́nu.

Simi ló ní ká padà síbẹ̀rẹ̀. Ó ti rí nǹkan tí èmi ò rí. Ó dá àwòrán náà dúró sórí nǹkan dúdú àkọ́kọ́ yẹn, ó ní ìwé ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé, "It's backwards, Mummy. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí mirror." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Bàbá. A gbé kọ̀ǹpútà lọ sí balùwẹ̀, mo gbé e dojú kọ dígí, òun sì pa iná.

Pátákó yín ni. Mo rí ṣọ́ọ̀kì, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín tó ti ń gbọ̀n. Nọ́ńbà rọ́ọ̀lù. Ibi: Ilé. Ọjọ́: ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésì, ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó wé e: Ọmọ mi.

Bàbá, èmi kọ́. Ẹ mọ̀ pé èmi kọ́. Orí àga pálọ̀ ni mo wà, mò ń jà nítorí òdòdó olódòdó. Kí ló dé tí ẹ kọ ọ́? Ṣé ẹ kàn kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni? Ṣé ẹ ti mọ̀ pé fíìmù náà lè bàjẹ́, tí ẹ fẹ́ kí n mọ ẹni tí wọ́n máa bi? Àbí kí ẹ tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn lẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ó dá yín lójú pé n óò dìde? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mò ń rò jù. Mò ń rí yín tí ẹ jókòó nìkan nínú òkùnkùn, sórí àpótí kan, tí èkejì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ ń fi fíìmù kan ètè tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ gbé e sápá ọ̀tún, ẹ gbé e sápá òsì, ẹ ń retí pé kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ súfèé? Nígbà tí ẹ jáde síbi ìmọ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ yín, aṣọ tí ẹ fi ń nu pátákó wà léjìká yín. Ẹ lè ti nù ún. Ẹ ò nù ún.

Simi ti ń jáde bọ̀, irun rẹ̀ ń kán omi, mo gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ dúró. Àná ni Bàbá Hampton fi fíìmù náà gan-an ránṣẹ́, nínú agolo yín. Mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, mo jókòó sílẹ̀, mo pa ìlẹ̀kùn dé. Mo fi ahọ́n ra ètè mi, mo fi ìdí rẹ̀ kàn án. Apá àkọ́kọ́ yọ̀. Mo yí i padà.

Ó lẹ̀, Bàbá. Ojú rẹ̀ nìyí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ètè rẹ̀ pẹ́ kó tó dé.